Ta Ni Ó Ń Pè Ọ́?

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹjọ́ ara mi ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń wò ó lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń wò ó nídìí oúnjẹ, tí wọ́n sì ń wò ó nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òkò náà balẹ̀, èmi tìkara mi ni ó bà.

Olùkọ́ ni mí, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo jókòó nínú kíláàsì, mo ń fi fóònù mi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúrà kan nínú ìjọ wa, èmi ni mo sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ìṣírí àti àdúrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo ti fi ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń dáhùn pé "Àmín", tí wọ́n ń fi àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ránṣẹ́ padà. Inú mi ń dùn. Mo ń ka àwọn Àmín náà bí ẹni ń ka owó.

Ọmọ ilé-ìwé mi kan wọlé wá. Bẹyẹrúnkà ni ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ata ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Ọjà'ba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ." N kò gbójú sókè. Mo ní, "Dúró ná, mo ń bọ̀." Ó dúró. N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó tí ó fi dúró, nítorí pé n kò sí níbẹ̀. Ara mi wà nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe Àmín. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ nínú ara mi pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì, yóò padà wá ní ọjọ́ Ajé.

Kò padà wá. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ọjọ́rú tí n kò rí i, mo gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní ọjà. Obìnrin náà kò bá mi jà, bẹ́ẹ̀ ni ìbá sàn fún mi bí ó bá bá mi jà. Ó ní owó ìdánwò ìparí ọdún kẹta ni kò pé. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni gbèdéke owó náà, òun sì ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó lọ bá tíṣà rẹ̀ bóyá tíṣà lè bá wọn dá sí i títí ọjà yóò fi san. Ọmọ náà padà délé, ó ní òun kò rí tíṣà bá sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó wá láti Èkó mú un lọ, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí ó má baà máa rìn kiri lásán. Owó tí ọmọ náà ìbá tọrọ lọ́wọ́ mi kò ju èyí tí mo fi ń ra dátà ní oṣù méjì lọ.

Mo gba nọ́ńbà ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo pè é. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò dúró dè mí?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rí àwòrán ọwọ́ lórí fóònù yín, mo mọ̀ pé ẹ ń gbàdúrà ni. N kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gún mi lọ́kàn. Ọmọ náà rò pé mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run ju bí èmi ti bọ̀wọ̀ fún un lọ, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi léèrè pé: kí ni nǹkan yìí tí ó ń gba ọkàn wa lọ́wọ́ wa, tí ó tilẹ̀ lè wọ aṣọ àdúrà wá bá ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ariwo ni. Wọ́n ní ariwo ayé ìsinsìnyí ti pọ̀ jù, kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn Ọlọ́run. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí a bí ní àárín Ìbàdàn kì í bẹ̀rù ariwo. Ìyá bàbá mi gbé gbogbo ayé rẹ̀ ní agboolé wa ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, lábẹ́ òkè tí gbọ̀ngàn Màpó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Yàrá tí ó lè wọ̀ kí ó sì ti ilẹ̀kùn, bí Olúwa wa ti kọ́ni nínú Mátíù orí kẹfà, kò sí fún un. Èèyàn mẹ́rin ni a jọ ń sùn nínú yàrá kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màmá a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a jókòó, a sì fi ìborùn rẹ̀ bo orí. Àkùkọ ń kọ, ìpè àdúrà ń dún láti mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin ń gún nǹkan nínú odó, ọkọ̀ akérò ń pe èrò lójú títì, ọmọdé ń sunkún nítorí omi tútù tí a fi ń wẹ̀ ẹ́. Màmá kò yíjú. Gbogbo àwa ọmọdé ni a mọ̀ pé bí ìborùn bá ti wà lórí, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Báwo ni ó ti ṣe é? Ìdáhùn tí mo rí ni èyí: ariwo tí ó yí i ká kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí ń pariwo, gbogbo ayé ni ó ń pè. Ìró odó kò bá ẹnikẹ́ni wí. Kódà nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn láti inú àpótí, tí rédíò wọ ilé, àwọn bàbá wa fún un ní orúkọ tí ó bá a mu gan-an: asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn yìí kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, asọ̀rọ̀mágbèsì ni òun náà, bí ó tilẹ̀ ní àwòrán. O lè kọ ẹ̀yìn sí i, kò ní bínú, kò ní bèèrè rẹ.

Ṣùgbọ́n nǹkan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ àpò wa láti ọdún 2001, nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà, kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Agbèsì ni. Orúkọ mi ni ó fi ń pè mí. Ó ń sọ fún mi pé lágbájá ti fèsì ọ̀rọ̀ mi, pé ènìyàn méje ti fẹ́ràn àwòrán mi, pé wọ́n dárúkọ mi nínú ẹgbẹ́. Ó ń pè, ó sì ń dúró de èsì. Ènìyàn a máa fẹ́ kí a pe òun. Ibẹ̀ ni ìdẹkùn náà wà, kì í ṣe nínú ariwo.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò mọ ọkàn tí ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní ọdún 1626, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Donne, jẹ́wọ́ nínú ìwàásù rẹ̀ pé bí òun bá kúnlẹ̀ àdúrà tán, eṣinṣin tí ń kùn, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń kọjá, tàbí ilẹ̀kùn tí ń dún lásán tó láti mú òun gbàgbé Ọlọ́run. Ṣé ẹ rí i pé àìsàn náà ti pẹ́? Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: eṣinṣin Donne kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti máa kùn sí i létí.

Ti wa yìí, owó wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook, tí ó ń jẹ́ Meta láti ọdún 2021, òun kan náà ni ó ni WhatsApp àti Instagram. A kì í san owó kí a tó wọ Facebook, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà, owó ìpolówó ọjà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi Ọjà'ba ṣe àpèjúwe. Bí ẹnìkan bá tẹ́ àga sí iwájú ìsọ̀, tí ó ní kí gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá wá jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó ń bu omi fún wọn, tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tí àwọn ọlọ́jà sì ń san owó fún un nítorí ojú àwọn tí ó jókòó, ṣé ẹni náà yóò fẹ́ kí o tètè dìde? Bí o bá ti gbé ìdí, yóò pè ọ́ lórúkọ.

Ní ọdún 2006, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Aza Raskin ṣe ọgbọ́n kan tí ó mú kí ojú ìwé orí kọ̀ǹpútà máa ṣí síwájú sí i fúnra rẹ̀, tí kò fi ní ìsàlẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú fóònù gbogbo wa lónìí. Bí o ti ń fi ìka rẹ̀ gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń yọ. Raskin fúnra rẹ̀ ti jáde sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìwé ní òpin, ìwàásù ní òpin, ọjà alẹ́ pàápàá ní àsìkò tí ó ń tú. Àdúrà ní Àmín. Eléyìí nìkan ni kò ní Àmín. Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá ṣe Àmín sí i, kò sí ẹni tí yóò bá ọ ṣe é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a kó fóònù dà sí odò Ògùnpa. Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn, fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbọ́ ìwàásù. Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí títí odindi rẹ̀ fi jáde ní ọdún 1884, wà nínú fóònù. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáradára lè sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ọ. Fóònù kan náà ni mo fi rí ọmọ mi yìí bá sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ìránṣẹ́ tí ó bá ń pe ọ̀gá rẹ̀ nígbàkigbà, tí ọ̀gá sì ń sáré jẹ́ ẹ, ẹ sọ fún mi, ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì?

Ìtàn kan wà nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kẹta, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún yìí wá, ṣùgbọ́n tí n kò rí ìdí rẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run pe ọmọdé náà Sámúẹ́lì lóru. Ọmọ náà kò mọ̀ pé Ọlọ́run ni. Ó rò pé Élì, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ni ó ń pe òun, ó dìde, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dìde kúrò lórí oorun rẹ̀ nítorí àgbàlagbà kan. Kò sọ pé, "Dúró ná, mo ń bọ̀." Ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti jẹ́ ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tó mọ bí a ti ń jẹ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé etí kan náà ni a fi ń gbọ́ méjèèjì. Ẹni tí kò lè gbójú sókè fún ọmọ tí ó dúró níwájú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń fi igba àdúrà ránṣẹ́ lójúmọ́, etí tí yóò fi gbọ́ Ọlọ́run ni ó ń di yẹn.

Ohun tí ó tún dùn mí jù lọ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ìgbàgbọ́ ti ta gbòǹgbò ní ìlú wa yìí. Láti Ọjà'ba sí Kúdẹtì kò jìnnà. Kúdẹtì ni David Hinderer, tí ó kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní ọdún 1851, padà wá tẹ̀dó sí pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ ní ọdún 1853. Àwọn ọmọ méjì tí ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ wọn láti kọ́ ìwé ni Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀. Ọmọ méjì péré. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn wọn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní ọdún 1860, tí ọ̀nà dí, lẹ́tà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ebi pa wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn jókòó ti ọmọ méjì, ìjọ sì jáde láti ibẹ̀. Èmi ní igba ènìyàn lórí fóònù, ọmọ kan sì rìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mẹ́ta tí mo ti ń ṣe láti ìgbà náà, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn ará wa Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé agboolé náà lè mú èyí tí ó bá wúlò fún wọn níbẹ̀, nítorí pé fóònù kò mọ ẹlẹ́sìn kan yàtọ̀ sí èkejì.

Èkínní, fóònù mi kì í sùn nínú yàrá mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé òun ni ó ń jí mi fún àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jí mi tán, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an lóru ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́ fún mi. Mo lọ ra aago kékeré kan tí ń dún láti jí ni. Aago náà kò ní ìròyìn kankan láti sọ ju pé ilẹ̀ ti mọ́. Bíbélì oníwèé ni mo sì fi ń ka ẹ̀kọ́ òwúrọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ń pe ènìyàn láti inú rẹ̀ àfi Ẹni tí ó ni ín.

Èkejì, mo ti wá ìborùn tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní yàrá àdúrà, ilé wa kún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ní àga kan, tàbí igun kan, tàbí abẹ́ igi kan, tí àwọn ará ilé mọ̀ pé bí lágbájá bá ti jókòó síbẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi wá àpò mi lọ́nà tí ojú fi tì mí. Ẹ má jẹ́ kí ó tì yín; bí ọkàn bá sá lọ, ẹ mú un padà wálé, bí a ti ń mú ewúrẹ́ padà láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, láìsí pé a ń bú u.

Ẹ̀kẹta, bí ènìyàn bá dúró níwájú mi, mo máa ń da ojú fóònù bolẹ̀, ìbáà jẹ́ àdúrà ni mo ń kọ. Mo sọ èyí fún ẹgbẹ́ wa, mo sì ní bí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ni ó wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn kan rò pé iná ìgbàgbọ́ mi ti ń jó rẹ̀yìn. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan, mo máa ń pe ọmọ náà ní Èkó. Ó ń sọ fún mi nípa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń le. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní òun yóò yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdánwò ní ọdún tí ń bọ̀ bí ó bá wù ú, owó náà sì ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ọjà'ba. Bóyá yóò wá, bóyá kò ní wá, n kò tíì mọ̀. Òun ni yóò sọ. Iṣẹ́ tèmi báyìí ni pé kí n máa gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ gbójú sókè ná. Ta ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín?

Ó dìgbà kan ná o.